Ta Ló Ń Sọ Ìlà Dátábéèsì Lórúkọ?

Nígbà tí a ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá wa, dátábéèsì àtijọ́ kan ni a fẹ́ fi Rails kọ ojú tuntun fún. A kàn pe ìlà àkọ́kọ́ ni àṣìṣe yọ: SubclassNotFound. Tábìlì náà ní òpó kan tó ń jẹ́ type, AKK fún akẹ́kọ̀ọ́ àti OLK fún olùkọ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Rails ń wá kíláàsì tó ń jẹ́ AKK, kò sì rí i. Kí ló fà á? Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn.

Ní 2002, Martin Fowler kọ ìwé Patterns of Enterprise Application Architecture. Ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tó ṣàlàyé níbẹ̀ ni pé kí kíláàsì òbí àti àwọn ọmọ rẹ̀ jọ máa gbé inú tábìlì kan ṣoṣo, kí òpó kan sì máa sọ ẹni tí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́. Nígbà tí David Heinemeier Hansson, ọmọ Denmark, gbé Rails jáde ní 2004, ọ̀nà yìí ló mú lò. Rails sọ òpó náà ní type, ó sì ń kọ orúkọ kíláàsì gan-an sínú rẹ̀.

Ó rọrùn, àmọ́ ó so dátà mọ́ kóòdù. Bí o bá pa orúkọ kíláàsì dà lónìí, àwọn ìlà àná di ọmọ tí kò mọ ilé bàbá rẹ̀ mọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀nà àbáyọ wá. Pẹ̀lú inheritance_column, o lè yan òpó mìíràn, kí type di òpó lásán. Ìlànà sti_name ló ń sọ ohun tí Rails máa kọ sínú òpó náà. Fún ìdàkejì rẹ̀, find_sti_class tó fara pamọ́ sínú Rails ni àwọn ènìyàn máa ń tún kọ fúnra wọn, títí Rails 6.1 fi mú sti_class_for wá ní December 2020. Òun ló ń sọ kíláàsì tí ọ̀rọ̀ inú òpó ń tọ́ka sí.

Àwọn méjèèjì ni a kọ: AKK di Akeko, OLK di Oluko. A ò fọwọ́ kan ìlà àtijọ́ kan ṣoṣo.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kóòdù wa lè má pé ọdún márùn-ún kí ẹlòmíràn tó tún un kọ, àmọ́ dátà yóò ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ àṣekágbá kàn lọ́dún yìí, ẹ wo inú tábìlì yín kí ẹ tó kọ kíláàsì àkọ́kọ́.