Fáìlì Tó Sọnù, Àṣírí Tó Tú

Ní sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú wa lọ sí ilé ìwòsàn kan tí a kò ní dárúkọ. Káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́, nọ́ńbà rẹ̀ hàn gbangba lára rẹ̀, síbẹ̀ fáìlì di àwátì. Láti aago méje àárọ̀ ló ti jókòó títí oòrùn fi wọ àtàrí. Nígbà tí wọ́n wá rí fáìlì ọ̀hún, òṣìṣẹ́ tó gbé e jáde dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí i, ó pe orúkọ ọ̀rẹ́ wa, ó sì ka àìsàn tí wọ́n tọ́jú fún un lọ́dún méjì sẹ́yìn sókè ketekete, bóyá òun ló ni ín lóòótọ́. Gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló gbọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ ní yàrá wa. Àwọn kan ní bí wọ́n bá gbé gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀ràn parí. Àwọn yòókù ní kọ̀ǹpútà náà lẹ́nu, ẹnu rẹ̀ sì gbòòrò ju ti òṣìṣẹ́ yẹn lọ. Nígbà tí kò sí ẹni tó gbà fún ẹnì kejì, a lọ wo ìtàn.

Fáìlì aláìsàn fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ láyé bí a ṣe rò. Ní ilé ìwòsàn Mayo ní ìpínlẹ̀ Minnesota, Amẹ́ríkà, dókítà kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé ńlá tirẹ̀ tó ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn rẹ̀ sí. Bí ènìyàn bá rí dókítà mẹ́ta, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé mẹ́ta. Ní 1907, Dókítà Henry Plummer yí i padà: kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà kan, kí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú fáìlì kan ṣoṣo, kí wọ́n sì kó gbogbo fáìlì pamọ́ sí ojú kan. Káàdì tó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa lọ́jọ́ náà, irú ètò yẹn ló ti wá. Ó dára púpọ̀ fún ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n àṣírí tó jẹ́ ti ènìyàn méjì tẹ́lẹ̀ wá di ti odindi ẹ̀ka, pẹ̀lú akọ̀wé, nọ́ọ̀sì àti ẹni tó ń gbé fáìlì káàkiri. Láti ìgbà yẹn ni a ti ń béèrè ẹni tó ni ìwé náà gan-an: ṣé dókítà tó kọ ọ́ ni, àbí ilé ìwòsàn tó tọ́jú rẹ̀, àbí ẹni tí ara rẹ̀ wà nínú rẹ̀?

Kọ̀ǹpútà wọ̀ ọ́ ní bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ní 1966 sí 1967, ní Massachusetts General Hospital ní Boston, Neil Pappalardo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí Dókítà Octo Barnett ṣe èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní MUMPS, nítorí iṣẹ́ ilé ìwòsàn gan-an. (Orúkọ àìsàn ni mumps lédè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó máa ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé wú. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn mọ àwàdà.) Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn ilé ìwòsàn tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ́ fún àwọn tó ti jagun rí bẹ̀rẹ̀ sí í fi MUMPS kọ sọ́fítíwíà tiwọn. Owó ìlú ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà ẹnikẹ́ni ló lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tó gbà á ni Ilé-Ifẹ̀. Lóòótọ́ ni! Láti 1989, ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ilé ìwòsàn ńlá tó wà lábẹ́ yunifásítì náà pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Finland. Lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ni Mikko Korpela àti H. A. Soriyan. Orí sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún un ṣe kó lè bá bí wọ́n ṣe ń gba aláìsàn sílé, tí wọ́n ń dá a padà sílé, tí wọ́n sì ń ka iye àìsàn ní Ifẹ̀ mu. Ohun tó ti inú iṣẹ́ náà jáde nígbà tó yá ni MINPHIS. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ inú orúkọ náà dúró fún Made in Nigeria. Púpọ̀ nínú wa tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò gbọ́ ọ rí nínú kíláàsì, ó sì bí wa nínú díẹ̀.

Ibi tí Finland ti wọ ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí ìtàn kejì dùn wá jù. Ilé iṣẹ́ kan wà ní orílẹ̀-èdè náà tó ń jẹ́ Vastaamo, tó ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ ohun tí aláìsàn bá sọ sí. Ibi ìpamọ́ náà ṣí sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí ààbò tó yẹ, wọ́n sì jí i kó. Ní 2020, olè náà béèrè owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tí kò rí i gbà, ó yíjú sí àwọn aláìsàn fúnra wọn, ó fi ìméèlì ránṣẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: kí wọ́n san 200 yúrò láàárín wákàtí 24, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò di 500, lẹ́yìn náà òun yóò tú ọ̀rọ̀ wọn sí gbangba. Àwọn tí ọ̀ràn náà kàn tó 33,000. Ẹ rò ó wò: ohun tí o kò lè sọ fún ìyá rẹ, tí o fi omijé sọ fún ẹnì kan ṣoṣo nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ni àjèjì ń nà sí ọ lójú. Vastaamo wọko gbèsè ní 2021. Ní April 2024, ilé ẹjọ́ rán Aleksanteri Kivimäki lọ sẹ́wọ̀n ọdún 6 àti oṣù 3.

Fáìlì oníwèé máa ń sọnù, eku máa ń jẹ ẹ́, òjò sì máa ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jí fáìlì 33,000 gbé nílò ọkọ̀ akẹ́rù.

Àwọn tó fara mọ́ kọ̀ǹpútà láàárín wa kò gbà bẹ́ẹ̀, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ọ̀kan nínú wọn ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde. Ó ní bí òun bá ṣubú ní aago méjì òru ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ òun, fáìlì òun wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní ìlú mìíràn, dókítà tó bá bá òun yóò kàn máa méfò ni. Lójú tirẹ̀, àṣírí tó bá pa ènìyàn kò wúlò fún olóògbé. A dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tó sọ bẹ́ẹ̀.

Òfin kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Òfin Ìlera ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2014, sọ ní abala 26 pé àṣírí ni gbogbo ọ̀rọ̀ aláìsàn, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fi ìwé yọ̀ǹda, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ, àti àwọn ìdí díẹ̀ mìíràn. Abala 29 ní kí alákòóso ilé ìwòsàn dáàbò bo àkọsílẹ̀ náà, yálà lórí ìwé tàbí nínú kọ̀ǹpútà; ẹni tó bá rú u lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 2, tàbí kó san ₦250,000, tàbí méjèèjì. Òfin Ààbò Dátà ti 2023 tún ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tó nílò ìṣọ́ra jù. Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí wọ́n gbé jáde ní 2018 sì sọ pé aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ tirẹ̀.

Nítorí ìyẹn ni ọ̀rẹ́ wa fi kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn náà pé òun fẹ́ ẹ̀dà fáìlì òun. Wọ́n fèsì pé dókítà nìkan ló lè rí i. Ó ti kọ èkejì, ó sì fi abala 26 síbẹ̀.