Ọlọ̀tẹ̀ Mẹ́jọ Lórí Bàbà

Ọkùnrin mẹ́jọ ló forí korí nínú àwòrán kan, pẹ̀lú irùngbọ̀n ṣóńṣó àti aṣọ ìlékè. Ẹni tó bá wò wọ́n á rò pé òun ká wọn mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Wọ́n kọ orúkọ kálukú sókè orí rẹ̀. Ẹni kẹta láti apá ọ̀tún ni Guy Fawkes, tí wọ́n pè ní Guido.

Crispijn van de Passe ló fín in. Ọmọ Zeeland ni, ẹlẹ́sìn Anabaptist tó fi Antwerp sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Cologne ní Jámánì nígbà tí àṣírí ọ̀tẹ̀ àwọn ọkùnrin náà sí ọba Gẹ̀ẹ́sì tú. Kò sí ẹ̀rí pé ó fojú kan ọ̀kankan nínú wọn rí. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló fi ń ha bàbà pẹlẹbẹ; wọ́n á ro tàdáwà sínú ihà rẹ̀, wọ́n á nu ojú rẹ̀ mọ́, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ á tètè lóye rẹ̀, àfi pé igbá kan kì í bí èkejì, bàbà kan ṣoṣo sì lè bí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìwé.

Lábẹ́ ìjọba Ọba James Kìíní ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti retí pé ara á tù wọ́n nígbà tó gorí ìtẹ́ ní 1603, ṣùgbọ́n owó ìtanràn tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn nítorí ẹ̀sìn kò kásẹ̀ nílẹ̀. Robert Catesby wá kó àwọn ènìyàn jọ. Thomas Percy, ọ̀kan nínú wọn, háyà yàrá kan lábẹ́ ilé àwọn ọlọ́lá aṣòfin, wọ́n tọ́jú 36 àgbá ẹ̀tù síbẹ̀, wọ́n sì fi igi ìdáná bò ó. Ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá 1605, tí ọba máa ṣí ìjókòó, ni wọ́n fẹ́ dáná sí i.

Lẹ́tà tí kò ní orúkọ ló tú àṣírí wọn. Ó kìlọ̀ fún Lord Monteagle, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́lá aṣòfin, pé kó má yọjú níbẹ̀, Monteagle sì gbé e fún àwọn ìjòyè ọba. Lóru mọ́jú ọjọ́ 5 náà ni wọ́n mú Fawkes, ó ní John Johnson ni òun, ìránṣẹ́ Percy.

Púpọ̀ nínú àwọn yòókù sá dé ilé Holbeach ní Staffordshire. Ẹ̀tù wọn ti tutù. Wọ́n tẹ́ ẹ síwájú iná kó lè gbẹ, ló bá bú mọ́ wọn lójú! Ní ọjọ́ 8 oṣù náà, ìbọn pa Catesby, Percy àti àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright.

Ibi tí àwòrán náà ti ń tanni nìyí. Ọlọ̀tẹ̀ 13 ló wà, van de Passe yan mẹ́jọ. Mẹ́jọ náà ni wọ́n pa ní gbangba ní ọjọ́ 30 àti 31 oṣù kìíní 1606, ṣùgbọ́n kì í ṣe mẹ́jọ kan náà: mẹ́rin nínú àwọn tó yà ti kú ní Holbeach, Digby, Grant, Rookwood àti Keyes tí wọ́n pa kò sì sí lórí bàbà.

Òfin ìdúpẹ́ ọdọọdún tí wọ́n ṣe ní 1606 wà títí di 1859; iná tí wọ́n ń dá ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá kò tíì kú títí dòní. Nígbà tí David Lloyd ya ìbòjú Fawkes fún ìwé aláwòrán V for Vendetta, ó fún un ní ẹ̀rín músẹ́ tí van de Passe kò fún un, òun náà sì ni àwọn olùfẹ̀hónúhàn gbé bojú ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York ní 2011. Catesby, olórí wọn, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fawkes gan-an nínú àwòrán. Kò sẹ́ni tó ń gbé ojú tirẹ̀ wọ̀.