Orúnkún Abọ́yadé

Ohun tó ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Òwe ìtùnú ni. Àwọn àgbà ń fi sọ fún ẹni tí wàhálà bá pé kì í ṣe òun nìkan ló wà nínú rẹ̀. Tó bá di ọ̀rọ̀ oríkèé ríro, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2019, nǹkan bíi mílíọ̀nù 528 ènìyàn ni osteoarthritis, ìyẹn àìsàn tó ń jẹ oríkèé lọ díẹ̀díẹ̀, ń bá fínra káàkiri ayé. Orúnkún ló sì pọ̀ jù nínú ibi tó ń mú.

Ṣùgbọ́n àwa ará Àbújá ti na òwe yìí kọjá ibi tó mọ. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Nyanya bọ̀ ní kùtùkùtù, bí ìyá kan bá di orúnkún mú kó tó lè gbẹ́sẹ̀ wọlé, ẹni tó jókòó tì í á ní, "Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ orúkọ oògùn tí mo lò fún yín." Làkúrègbé ni wọ́n á pè é, wọ́n á sì ra oògùn kan náà. Òwe kò sọ pé ohun tó fà á fún Abọ́yadé ló fà á fún ọlọ́ya yòókù.

Ti ìyá yẹn ṣeé ṣe kó jẹ́ osteoarthritis, bó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó sì sanra díẹ̀. Ohun dídán, tó ń yọ̀, tó bo orí eegun níbi oríkèé ló ń jẹ lọ, títí eegun á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha eegun. Láàárọ̀, oríkèé á le, ṣùgbọ́n kì í sábà tó ìdajì wákàtí tó fi ń nà. Àtẹ̀gùn ni ọ̀tá rẹ̀, àti ìkúnlẹ̀, àti ìlóṣòó. Ọjọ́ orí ń dá sí i, ìwọ̀n ara ń dá sí i, ìdílé náà ń dá sí i, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ènìyàn ti fi ṣèṣe nígbà èwe. Ọyẹ́ kọ́ ló ń fà á, bí àwọn ènìyàn ti ń sọ ní gbogbo oṣù Kejìlá. Òtútù lè mú kí ó dunni sí i, àmọ́ àìsàn náà ti wà níbẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé.

Oògùn rẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti inú páálí, èyí ló sì ń bí ọ̀pọ̀ aláìsàn nínú. Iṣan itan ló ń gbé orúnkún ró. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, ẹ ka ení dé àrún, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ẹ máa rìn, ìbáà ṣe létí adágún Jabi láàárọ̀. Kílò kan tí ara bá fi fúyẹ́ ń mú ẹrù bíi kílò mẹ́rin kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ọ̀pá, ọwọ́ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dunni kọ́ ni kó fi mú un, ọwọ́ kejì ni. Mùsùlùmí tí orúnkún ń dà láàmú lè kírun lórí àga, ẹ̀sìn gbà á láàyè. Mi ò sì rò pé ìyá tó bá jókòó kí àna rẹ̀ nítorí orúnkún ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀tọ̀ ni ti ọkùnrin tó jí lóru tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n, tó wú, tó ń gbóná, débi pé aṣọ ìbora kò gbọdọ̀ kàn án. Gout nìyẹn. Uric acid ló pọ̀ jù lẹ́jẹ̀ẹ́, tó dì sínú oríkèé bí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́. Ọgbà ìgbafẹ́ Àbújá, níbi tí bíà tutù ti ń bá isi ewu àti ẹ̀dọ̀ díndín rìn, kò ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn dá oúnjẹ lẹ́bi: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó ń múni tọ̀ ṣáá, òun náà ń gbé uric acid sókè. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ sọ fún dókítà kó wò ó. Allopurinol, tó ń mú kí uric acid wálẹ̀, kò ní ṣe nǹkan kan fún orúnkún ìyá inú bọ́ọ̀sì.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni ti àwọn ọ̀dọ́. Kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde tó Nàìjíríà, nítorí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ló jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó lè fi àìsàn náà ran ọmọ rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ tó sì le á dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí eegun itan, eegun náà á kú, á sì wó. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún á bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ẹlòmíràn jẹ́ SC, ìyẹn oríṣi àìsàn náà kan, kò ṣàìsàn púpọ̀ rí, kò sì mọ̀ títí ìbàdí fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Bó bá ti wó tán, iṣẹ́ abẹ ló kù: kí wọ́n pààrọ̀ oríkèé náà, irú èyí tí John Charnley fi lélẹ̀ ní ilé ìwòsàn Wrightington ní England lọ́dún 1962. Bí wọ́n bá tètè rí i, nǹkan mìíràn ṣì lè ṣeé ṣe.

Wàyí o, ohun kan tó lè pa irú eegun kan náà yìí lára ẹni tí kò ní fòníkú-fọ̀ladìde ni oògùn inú bọ́ọ̀sì. Dexamethasone àti prednisolone ni mò ń wí, yálà ní gbangba, tàbí kí wọ́n ti lọ̀ ọ́ mọ́ àgbo. Ní ọjọ́ kejì ìrora á ti lọ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ojú á rí roboto, àwọn ará á máa ní ayé ń yẹ ẹ́, nígbà tí ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ń gòkè, tí eegun sì ń fúyẹ́. Kò tún ṣeé dá dúró lójijì, torí ara ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Dókítà ń lo oògùn yìí fún àwọn àìsàn kan, bíi lupus, ṣùgbọ́n lábẹ́ ìṣọ́ ni. Diclofenac àti piroxicam tí wọ́n ń gbé mì lójoojúmọ́ náà lè dá egbò sínú ikùn, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Bí ọmọ ìka àti ọrùn ọwọ́ méjèèjì bá ń wú, tí wọ́n le ju wákàtí kan lọ láràárọ̀, pàápàá lára obìnrin, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ó lè jẹ́ rheumatoid arthritis, tó ń ba oríkèé jẹ́, oògùn tó ń dá a dúró sì wà. National Hospital àti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú eegun. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn tí ẹ ti lò dání lọ, títí kan ìgò àgbo.

Oríkèé kan ṣoṣo tó wú lójijì, tó gbóná, tí ibà bá a wá, kò gba ìdádúró. Kòkòrò lè ti wọ inú rẹ̀, ó sì lè bà á jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ má fi òrí ra á, ẹ má fi rọ́bù pa á. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọdé tí kò fẹ́ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́.