Orí Ọmọ Tuntun àti Iṣan Tí Ń Gbé Ara Ró

Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ojúṣe àgbà láàárín ìlú ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fi òwe yìí sọ, nígbà tí ọ̀ràn bá fẹ́ bàjẹ́ lójú ẹni tó yẹ kí ó dá sí i, ṣùgbọ́n ara ọmọ ni a ti fa òwe náà yọ, ẹni tó sì kọ́kọ́ pa á mọ ọmọ í wò. Ìyá tó pọn ọmọ lọ sọ́jà kò lójú lẹ́yìn. Bí ọ̀já bá dẹ̀, tí orí ọmọ sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹlòmíràn ni yóò rí i, tí yóò sì ké sí i pé kí ó tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Ọmọ ọdún méjì kò nílò irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, àfi bí oorun bá gbé e lọ, nítorí pé iṣan ọrùn rẹ̀ ti gbó.

Iṣan tí à ń wí níhìn-ín kì í ṣe òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, bí kò ṣe ẹran ara tó so mọ́ egungun, tó máa ń sún kì nígbà tí ọpọlọ bá ránṣẹ́ sí i, tó sì máa ń dẹ̀ padà. Fífà nìkan ni iṣan mọ̀, kò mọ títì, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ní alábàáṣe, tí ọ̀kan ń fa egungun síwájú, tí èkejì ń dá a padà sẹ́yìn. Gígùn orí ọmọ tuntun tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn gbogbo ara rẹ̀, nígbà tí ti àgbàlagbà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Orí ńlá báyìí wà lórí ọrùn tí iṣan rẹ̀ kò tíì lágbára, tí ọpọlọ kò sì tíì mọ bí yóò ṣe darí rẹ̀. Oṣù kẹta sí ìkẹrin ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń gbé orí dúró fúnra wọn, lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó jókòó, tí wọ́n tó dìde, nítorí pé ọrùn ni agbára ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀yìn àti ìbàdí.

Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé orí àgbà kàn jókòó sórí ọrùn ni, láìná ara ní ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Orí àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bí kílógíráàmù 4.5 sí 5, ibi tó sì ti fìdí kalẹ̀ sórí àkọ́kọ́ nínú egungun ọrùn méjèèje kò bọ́ sí àárín gbùngbùn ìwúwo rẹ̀, nítorí pé apá iwájú wúwo ju apá ẹ̀yìn lọ, tí orí fi máa ń fẹ́ dojú bolẹ̀ nígbà gbogbo. Àwọn iṣan ẹ̀yìn ọrùn ni kò jẹ́. Èyí tó wà lókè jù lọ nínú wọn, trapezius, gbòòrò láti ìpàkọ́ dé àárín ẹ̀yìn, ó sì nà dé èjìká méjèèjì, tí ó fi jẹ́ pé òun náà ló ń gbé èjìká sókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń fa orí sẹ́yìn, nísàlẹ̀ pátápátá lábẹ́ ìpàkọ́ ni àwọn kéékèèké tí ń tún ìdúró orí ṣe bí ojú ti ń wo ìhín wo ọ̀hún. Ẹni tó bá wo èrò ọkọ̀ tó ń tòògbé yóò rí iṣẹ́ wọn kedere: bí oorun ti ń wọ̀ ọ́ ni iṣan ń dẹ̀, àgbọ̀n ń lọ bá àyà, orí já lójijì, ó ta gìrì, iṣan sì tún fà á sókè. Orí wíwọ́, nígbà náà, kì í ṣe ti ọmọ tuntun nìkan. Bí gbogbo orí yóò ti rí nìyẹn lọ́jọ́ tí iṣan bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ẹni tó doríkodò sórí fóònù fún wákàtí púpọ̀ sì ń dá kún iṣẹ́ yìí, nítorí pé bí orí bá ti tẹ̀ síwájú tó ni iṣan ẹ̀yìn ọrùn yóò ṣe fà tó.

Ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn ni iṣan tí ojú lè rí wà. Bí ènìyàn bá yí ojú sí òsì, tó sì fọwọ́ kan ọrùn lápá ọ̀tún, yóò bá ohun kan tó le níbẹ̀, tó dábùú láti ẹ̀yìn etí wá sí òkè igbá àyà. Sternocleidomastoid ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Èyí tó wà lọ́tùn-ún ló ń yí ojú sí òsì, ti òsì ló ń yí i sí ọ̀tún. Bí ọ̀kan bá dá fà, orí a fì sí apá tirẹ̀, ojú a sì kọ sí òdìkejì. Àwọn ọmọ kan wà tí iṣan yìí kúrú tàbí tó le lápá kan láti ìgbà tí a ti bí wọn, orí wọn a sì máa wọ́ sí ibì kan náà bó ti wù kí a tún wọn pọ̀n tó. Ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀já mọ́, àgbà tó bá rí i kò sì tíì ṣe tán bí ó bá sọ pé kí wọ́n tún un pọ̀n; ilé ìwòsàn ni kí ó ní kí wọ́n gbé e lọ, nítorí pé bí àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn náà díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ ló máa ń san láìlo abẹ. Fífi ipá yí i nílé léwu.

Àwọn iṣan iwájú ọ̀fun kéré, iṣẹ́ wọn tó sì hàn jù lọ ni gbígbé gògóńgò sókè nígbà tí ènìyàn bá ń gbé nǹkan mì.

Ọrùn tó ń bá orí tirẹ̀ ṣe wàhálà báyìí náà ni alábàárù ń gbé àpò lé. Òṣùká a tẹ́ ìwúwo náà káàkiri àtàrí. Bí ẹrù bá sì dúró ṣánṣán, egungun ni yóò gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí iṣan iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ yóò máa fà díẹ̀díẹ̀ kí ẹrù má bàa yẹ̀. Ní ọdún 1986, Maloiy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kẹ́ńyà lè ru ẹrù tó tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara wọn láìlo agbára ju ti ẹni tí kò ru nǹkan kan. Ìwádìí tí a ṣe ní Gúúsù Áfíríkà lẹ́yìn náà kò rí i bẹ́ẹ̀ lára gbogbo ènìyàn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni torí ọ̀rọ̀ Kẹ́ńyà di ẹrù tó pọ̀ jù lé ọmọdé lórí.

Láti ọrùn náà ni mímí ti ń gba àṣẹ. Iṣan pẹrẹsẹ kan, diaphragm, tó tẹ̀ kọrọdọ sókè bí agboorun tí a ṣí, ló pààlà sáàárín àyà àti ikùn. Bí ó bá sún kì, a rẹlẹ̀, àyà a gbòòrò, afẹ́fẹ́ a wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ikùn a sì yọ síta díẹ̀. Òun náà ló ń fa òsúkè nígbà tí ó bá ń sún kì lódìlódì. Inú ọrùn, ní agbègbè egungun kẹta sí ìkarùn-ún, ni fọ́nrán tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí i ti jáde, nítorí pé nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, ọ̀dọ̀ ọrùn ni iṣan náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, tó sì fa fọ́nrán rẹ̀ tẹ̀lé ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọgbẹ́ tó bá ba mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́ lókè ibẹ̀ fi lè dá mímí dúró, tí kò sì fi yẹ kí àwọn tó fẹ́ ran ẹni tí ọkọ̀ gbá lọ́wọ́ máa wọ́ ọ tuurutu láìdi orí àti ọrùn rẹ̀ mú.

Ikùn kò ní egungun níwájú. Iṣan mẹ́rin ló jẹ́ ògiri rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan gùn tààrà láti àyà dé ìsàlẹ̀ ikùn, méjì dábùú sí ara wọn ní ẹ̀gbẹ́, ìkẹrin tó wà nínú jù lọ, transversus abdominis, yí ikùn ká bí ọ̀já. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ènìyàn bá ń húkọ́, tó ń sín, tàbí tí aboyún bá ń rọbí. Ẹni tó fẹ́ gbé odó ńlá a mí sínú, a pa ọ̀fun dé, a sì mú ikùn le, kí àárín ara lè di ohun kan ṣoṣo tó le gbagidi, lẹ́yìn náà ni a ó gbọ́ ìkérora rẹ̀.

Ní ẹ̀yìn, àwọn iṣan gígùn tó tẹ̀ lé ọ̀pá ẹ̀yìn lápá méjèèjì, erector spinae, ló ń na ènìyàn ró. Ní àwọn ọdún 1950, Floyd àti Silver fi ẹ̀rọ wo iṣan yìí, wọ́n sì rí i pé bí ènìyàn bá ti ń tẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tán pátápátá, iṣan náà a dákẹ́, tí àwọn okùn tó so egungun pọ̀ a sì gba ìwúwo náà. Èyí ló mú kí ẹni tó ń fi ìgbálẹ̀ kúkúrú gbálẹ̀, tó tẹ̀ ní ìlàjì fún wákàtí kan láìjẹ́ kí iṣan náà sinmi, máa kérora ẹ̀yìn.

Ní ọdún 1996, Hodges àti Richardson ní Ọsirélíà tún fi hàn pé bí ẹni tí ara rẹ̀ le bá fẹ́ gbé apá, transversus abdominis a ti kọ́kọ́ sún kì kí apá tó gbéra, ṣùgbọ́n lára àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn, ó máa ń pẹ́. Àwọn oníṣègùn kò sì fara mọ́ ọn mọ́ pé kí ẹni tí ẹ̀yìn kàn ń dùn dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí pé iṣan tí a kò lò a máa rù, a sì máa gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ní kí ó máa rìn, kí ó máa ṣe iṣẹ́ tí ara rẹ̀ bá lè gbé, kí ó sì máa dá kún un díẹ̀díẹ̀.