Ìwé Ẹ̀bùn Ilẹ̀ àti Ìtàn Ìran: Ọ̀ràn Ìdílé La Tour d'Auvergne ní Ilẹ̀ Faransé

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ìtàn ń gbà tọpinpin ìran àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Faransé àtijọ́ nípa àwọn ìwé tí wọ́n fi ń fúnni ní ilẹ̀. Ìdílé kan ṣoṣo ni a mú ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn ìdílé La Tour d'Auvergne, nítorí pé nínú ọ̀ràn tiwọn ni iyì irú ìwé bẹ́ẹ̀ àti ewu tí ó wà nínú rẹ̀ ti hàn pọ̀ lójú kan náà.

Kí ọ̀rọ̀ wa tó lè yé ni yékéyéké, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ irú ìwé tí à ń wí. Láàrin nǹkan bí ọdún 800 sí 1100, ọlọ́lá tí ó bá fẹ́ kí Ọlọ́run dárí ẹ̀ṣẹ̀ ji òun a máa fi oko, ọgbà àjàrà tàbí ọlọ tí omi ń yí ta ilé àwọn mọ́ǹkì lọ́rẹ. Akọ̀wé ilé náà yóò wá kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn náà sórí awọ ẹran ní èdè Látìn: ẹni tí ó fúnni, ohun tí ó fi fúnni, ibi tí ilẹ̀ náà wà, àwọn tí ó fúnni nítorí ọkàn wọn, àwọn ẹlẹ́rìí, àti ọdún tí ọba wà lórí oyè. Nígbà tí ó bá yá, wọn a tún da àwọn ìwé wọ̀nyí kọ sínú ìwé ńlá kan kí wọ́n má baà sọnù. Ilẹ̀ Auvergne, tí ó wà láàrin gbùngbùn ilẹ̀ Faransé, ní méjì tí ó lókìkí nínú irú ìwé ńlá bẹ́ẹ̀: ti ìjọ Saint-Julien ní ìlú Brioude àti ti ilé àwọn mọ́ǹkì ní Sauxillanges. Henry Doniol tẹ ti Brioude jáde ní ọdún 1863, ó sì tẹ ti Sauxillanges ní ọdún 1864.

Ohun tí ó sọ ìwé wọ̀nyí di iyebíye fún ẹni tí ń wá ìran ni pé ọlọ́rẹ kì í dá nìkan fúnni. Yóò dárúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ tí ó ti kú, kí wọ́n lè rí àdúrà gbà. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fọwọ́ sí i. Àwọn arákùnrin rẹ̀ yóò sì jẹ́rìí. Ẹ jọ̀wọ́, kí a má rò pé ìfẹ́ ìtàn ni ó mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ẹjọ́ ni. Àwọn mọ́ǹkì mọ̀ pé bí ọlọ́rẹ bá ti kú tán, àbúrò tàbí ọmọ tí kò fọwọ́ sí ìwé ni yóò kọ́kọ́ dìde pé ilẹ̀ bàbá òun ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kó gbogbo ẹbí jọ sínú ìwé, ìbẹ̀rù wọn nígbà náà ni ó sì di ọrọ̀ fún wa lónìí.

Ọjọ́ tí a kọ ìwé pàápàá a máa sọ̀rọ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà (oṣù kẹwàá) ọdún 927, Acfred, ẹni tí ó jẹ́ duc ilẹ̀ Aquitaine tí Auvergne wà lábẹ́ rẹ̀, fi ilẹ̀ sílẹ̀ láti dá ilé ìsìn sílẹ̀ ní Sauxillanges. Dípò kí ó ka ọdún mọ́ ọba tí ó wà lórí ìtẹ́ lára bí ti ẹlòmíràn, ńṣe ni ó kọ ọ́ pé ọdún karùn-ún nìyí tí àwọn Faransé ti dójú ti Charles ọba wọn, tí wọ́n sì lòdì sí òfin láti yan Raoul. Ẹni tí ó bá ka gbólóhùn yìí kò ní bèèrè mọ́ ibi tí Acfred dúró sí nínú ìjà ìtẹ́ ìgbà náà. Ọdún yẹn kan náà ni ó kú, kò sì fi ọmọ tí a mọ̀ sílẹ̀. Arákùnrin rẹ̀, Guillaume Kékeré, ti kú ní 926. Guillaume ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, ẹni tí ó dá ilé Cluny sílẹ̀ ní ọdún 910, ti kú ní 918. Ìran náà parí síbẹ̀. Kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

A ní láti sọ ohun tí ìwé wọ̀nyí kò lè ṣe pẹ̀lú. Ṣáájú nǹkan bí ọdún 1000, orúkọ kan péré ni ọlọ́lá ń jẹ́. Orúkọ náà a sì máa padà wá nínú ìdílé: ọmọ-ọmọ a gba orúkọ bàbá àgbà, ọmọ arákùnrin a gba ti arákùnrin bàbá, tó bẹ́ẹ̀ tí Géraud mẹ́ta, Bernard mẹ́rin lè pàdé nínú ìwé kan ṣoṣo. Báwo ni a ó ṣe mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Ilẹ̀ ni a ó tẹ̀lé. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé Géraud kan fi ìdajì abúlé kan tọrẹ, tí Géraud mìíràn sì wá ń jà sí ìdajì yòókù ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà. Ó ṣeé ṣe kí èkejì jẹ́ ajogún ẹni àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ọmọ, ó lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n, ó sì lè jẹ́ ọkọ ọmọbìnrin tí ilẹ̀ tọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Àwọn obìnrin ni ó máa ń sọnù jù. A óò rí ìyàwó nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá ń fúnni, a óò tún rí i nígbà tí ó bá di opó. Orúkọ ìdílé tí ó ti wá, ìwé kì í sábà sọ ọ́. Ọkùnrin tí kò sì fi ohunkóhun ta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ, tí kò bá a ṣẹjọ́, tí kò jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni, bí ẹni tí a kò bí ni ó rí.

Lẹ́yìn ọdún 1000 ni àwọn ọlọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í so orúkọ ilé olódi wọn mọ́ orúkọ ara wọn. Láti ìgbà náà ni a lè sọ pé Géraud ti La Tour yàtọ̀ sí Géraud ti ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, a óò dé ibi tí orúkọ La Tour ti parí, tí Géraud sì ku Géraud lásán. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti dí. Àwa tí a ń kọ́ni ní èdè Yorùbá kò ní ka èyí sí ohun àjèjì pátápátá, ṣùgbọ́n òdìkejì tiwa ni. Oríkì orílẹ̀ a máa mú ènìyàn dé orísun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìka àwọn baba ńlá tí ó wà láàrin. Ìwé ẹ̀bùn ń ka àwọn baba náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, orísun ni kò lè sọ.

Ìdílé La Tour kò kéré. Ní ọdún 1437 ni oyè comte Auvergne bọ́ sí wọn lọ́wọ́, láti ọ̀dọ̀ ìyá ni ó sì ti wá. Ẹ̀ka àgbà nínú ìdílé náà ni Madeleine ti wá, ẹni tí ó kú ní 1519 lẹ́yìn tí ó bí Catherine de Médicis tí ó di ayaba ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀ka kejì ni àwọn olúwa Turenne, tí wọ́n tún fi ìgbéyàwó ọdún 1591 gba Bouillon àti Sedan. Sedan yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ó sọ wọ́n di aládàáni tí kì í ṣe ìránṣẹ́ ọba kan, oyè ọmọ aládé ilẹ̀ òkèèrè sì ń bẹ fún irú wọn ní ààfin Faransé, pẹ̀lú ipò ìjókòó tí ó ga ju ti ọlọ́lá lásán. Ṣùgbọ́n ní 1642 Sedan bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí ọ̀tẹ̀, ní 1651 ni ọba sì fi àwọn ilẹ̀ mìíràn dípò rẹ̀ fún wọn. Láti ìgbà náà, orí ilẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́ ni iyì wọn dúró lé. Bí ó bá lè hàn pé ọmọkùnrin látọ̀dọ̀ ọmọkùnrin ni wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn duc Guyenne àtijọ́ tí wọ́n jẹ́ comte ní Auvergne, ẹnikẹ́ni kò tún lè bi wọ́n léèrè ibi tí ọlá wọn ti wá. Emmanuel-Théodose, Kádínà de Bouillon, ni ó mú ọ̀rọ̀ yìí ní òkúnkúndùn jù.

Ní ọdún 1695, a gbé àwọn ewé awọ ẹran kan jáde, tí wọ́n ní ara ìwé ńlá Brioude àti ìwé orúkọ àwọn òkú ibẹ̀ ni. Àlàfo tí a sọ lókè yìí gan-an ni wọ́n dí. Wọ́n so La Tour mọ́ ìdílé Acfred, bàbá sí ọmọ, láìsí obìnrin kan láàrin. A pe àwọn àgbà mẹ́ta tí kò sí ẹlẹgbẹ́ wọn nínú ìmọ̀ yìí láti yẹ wọ́n wò: Jean Mabillon, ẹni tí ìwé rẹ̀ ti ọdún 1681 kọ́kọ́ gbé ìlànà kalẹ̀ fún dídá ojúlówó ìwé àtijọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú, Thierry Ruinart, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, àti Étienne Baluze, tí ó ti tọ́jú ìwé fún Colbert fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù keje ọdún náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i pé ojúlówó ni.

Àwọn ènìyàn kò dákẹ́. Ìwé àtakò bẹ̀rẹ̀ sí í kiri ní Paris, Baluze sì tẹ lẹ́tà kan jáde ní 1698 láti fi dá wọn lóhùn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Brioude yìí kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1700, a mú ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jean-Pierre de Bar, tí ó ń fi wíwá ìran àwọn ọlọ́lá jẹun, a sì bá ìwé tí ó ti fi dánra wò, tí ó ti ń ṣe àgbékalẹ̀ ayédèrú náà, láàrin àwọn ìwé rẹ̀. Ní 1704 ni ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi. Inú ẹ̀wọ̀n Bastille ni ó kú sí ní 1714.

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé ní 1708, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìdájọ́ yìí, Baluze tẹ ìtàn ìran ìdílé Auvergne jáde ní ìdìpọ̀ ńlá méjì, ó sì fi àwọn ewé Brioude sí ààyè ọlá nínú rẹ̀.

Kí ni ó fà á? Àwọn kan sọ pé owó Kádínà ni. Àwa kò gbà pé èyí tó láti fi ṣàlàyé rẹ̀, nítorí Mabillon tí ó fọwọ́ sí i pẹ̀lú rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ẹnikẹ́ni ń fura sí. Lójú tiwa, ìlànà tí wọ́n lò ni kò tó. Wọ́n wo awọ, wọ́n wo tàdáwà, wọ́n wo bí a ṣe gé lẹ́tà. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ọlọ́wọ́ dídá lè fara wé, pàápàá bí ó bá ti ka ìwé àwọn tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí wọn kò bi ara wọn léèrè tó ni ìdí tí àwọn ewé wọ̀nyí kò fi ṣe bí ìwé ẹ̀bùn yòókù. Ìwé tòótọ́ ń sọ ti ilẹ̀, ìran kàn ń bọ́ sínú rẹ̀ ni. Ewé Brioude ń sọ ti ìran, bí ẹni pé akọ̀wé ìgbà náà ti mọ ìbéèrè tí Kádínà yóò bèèrè ní ọgọ́rùn-ún méje ọdún sí i. Ẹni tí ó bá ti yẹ ìwé ìdánwò wò rí mọ̀ ọ́n: ìdáhùn tí kò fi ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí èyí tí olùdánwò fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ ni ó máa ń kọni lóminú jù.

Síbẹ̀, kì í ṣe àṣìṣe yìí ni a torí rẹ̀ fìyà jẹ Baluze. Pẹ̀lú àṣẹ ọba ni ìwé náà fi jáde ní 1708, odidi ọdún méjì sì kọjá. Ìgbà tí Kádínà sá lọ bá àwọn ọ̀tá Faransé lójú ogun ní 1710 ni ìgbìmọ̀ ọba tó rántí pé ayédèrú wà nínú rẹ̀. Wọ́n pàṣẹ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje pé kí a run ìwé náà. Wọ́n gba iṣẹ́ Baluze lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì lé e kúrò ní Paris nígbà tí ó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Ìlú dé ìlú ni arúgbó náà ń kiri, ó dé Rouen, ó dé Tours, ó dé Orléans, kí wọ́n tó jẹ́ kí ó padà ní 1713. Ó kú ní 1718.

Ìdìpọ̀ kejì ìwé rẹ̀, tí ó kó àwọn ìwé ẹ̀rí sí, bọ́ lọ́wọ́ ìparun. Ojúlówó inú rẹ̀ pọ̀ ju ayédèrú lọ jìnnà, títí di òní ni àwọn tí ń kọ ìtàn Auvergne sì ń ṣí i, tí wọ́n sì ń fo àwọn ewé Brioude náà.