Èédú, Búrẹ́dì àti Kòkòrò Inú ní Ogui

Àgbẹ̀ ni àwọn ará Ogui Nike ní Enugu kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó rí èédú nítòsí Udi ní 1909. Ìwakùsà bẹ̀rẹ̀ ní 1915, nígbà tó sì di 1916, rélùwéè ti ń kó èédú lọ sí Port Harcourt. Ogui wá di àdúgbò òṣìṣẹ́ olówó oṣù. Díẹ̀díẹ̀ ni búrẹ́dì, ìrẹsì àti ṣúgà ń bá okpa (oúnjẹ tí wọ́n ń fi irú ẹ̀wà kan ṣe), iṣu àti ewébẹ̀ du àyè nínú abọ́. Lójú tèmi, ìtàn àtọ̀gbẹ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò pé bí a kò bá ka àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun mọ́ ọn.

Ohun tí ikùn wa kò lè dà nínú ẹ̀wà àti ewébẹ̀, ìyẹn ṣákà wọn, àwọn kòkòrò yìí ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Wọ́n á sọ ọ́ di ásíìdì tó ń mú kí ìfun tu họ́mọ̀nù tó ń ran ínsúlìnì lọ́wọ́. Ìwádìí kan ní 2010 fi hàn pé ásíìdì yìí pọ̀ nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ abúlé Boulpon ní Burkina Faso ju ti àwọn ọmọ Florence ní Ítálì lọ. Ẹnìkan lè ní kò sẹ́ni tó tọ́jú ìgbẹ́ awakùsà sínú ìgò, pé iṣu náà ń gbé ṣúgà sókè, pé àjogúnbá, ìsanrajù àti àìrìn ló fa àtọ̀gbẹ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa ẹjọ́ kòkòrò rẹ́: ní 2018, Liping Zhao àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ṣáínà fún àwọn alátọ̀gbẹ ní oúnjẹ oníṣákà púpọ̀, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn sì rọlẹ̀ ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tó wọ́pọ̀. Síbẹ̀, ẹ má ṣe torí okpa pa oògùn dókítà tì.