Ẹlẹ́rìí àti Ajagungbalẹ̀: Ìjà Ilẹ̀ Nínú Fíìmù Terror in a Texas Town

Terror in a Texas Town jẹ́ fíìmù kábọ́ọ̀ dúdú-àti-funfun tí Joseph H. Lewis darí, tí ilé-iṣẹ́ United Artists sì gbé jáde ní ọdún 1958. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi yà á, kò sì gùn ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 80 lọ. Ìjà ìparí rẹ̀ ló gbajúmọ̀ jù, níbi tí ọkùnrin kan ti gbé ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń pa àbùùbùtán dojú kọ oníbọn. Ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ọkàn fíìmù náà wà. Ohun tó ń fi hàn ni pé ìbọn nìkan kò tó láti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ìdákẹ́ àwọn tó rí i ló ń bá ajagungbalẹ̀ parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìlú kan tí wọ́n pè ní Prairie City ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ed McNeil, olówó tó fi hòtẹ́ẹ̀lì ṣe ibùgbé, ń lé àwọn àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ nítorí epo rọ̀bì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó háyà Johnny Crale, apànìyàn tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti gé, tó fi irin rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí Sven Hansen, àgbẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Sweden, kọ̀ láti kúrò, Crale yìnbọn pa á. Lẹ́yìn náà ni George ọmọ rẹ̀ dé láti ojú òkun, atukọ̀ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn kiri, tó rò pé òun ń bọ̀ wá sinmi lọ́dọ̀ bàbá òun.

Ọ̀nà mẹ́ta ni McNeil ń gbà ṣiṣẹ́: owó, òfin, ìbọn. Ó kọ́kọ́ ń fi owó kékeré lọ olóko. Abẹ́ rẹ̀ ni ṣẹ́ríìfù ìlú wà. Ẹni tí méjèèjì kò bá sì mì, Crale ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìtàn Texas gan-an fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyè. Nígbà tí Texas dara pọ̀ mọ́ Amẹ́ríkà ní 1845, ó di ilẹ̀ ìjọba rẹ̀ mú sọ́wọ́ ara rẹ̀. Nítorí náà, òfin 1862 tó fún ẹni tó bá gbé orí ilẹ̀, tó sì ro ó fún ọdún márùn-ún, ní éékà 160, kò dé ibẹ̀. Àwọn ìwé ilẹ̀ tí ìjọba Spain àti ti Mẹ́síkò ti fún èèyàn ṣáájú sì tún wà nílẹ̀. Nígbà tí epo tú jáde ní Spindletop ní 1901, ilẹ̀ tí a kò kà sí tẹ́lẹ̀ di ohun tí olówó ń jà sí.

José Mirada ló gbé ẹrù ìtàn náà. Ọmọ Mẹ́síkò ni, àgbẹ̀ bíi Sven, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì rí ìpànìyàn náà. Ó dákẹ́ nítorí aya àti ọmọ. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Ìdákẹ́ yìí ló mú kí àwọn ẹmẹ̀wà McNeil lè lu George, kí wọ́n sì jù ú sínú ọkọ̀ ojú irin. Ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ẹni dákẹ́. Mirada sọ ohun tó rí, Crale sì pa á. Ẹ̀rù kò ba Mirada bó ṣe ń kú lọ, èyí sì ni Crale kò lè gbàgbé. Agbára rẹ̀ jẹ́ ti ìbẹ̀rù àwọn ẹlòmíràn. Láti ìgbà tí ó ti rí ẹni tí kò bẹ̀rù, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. McNeil tó háyà rẹ̀ gan-an ló padà pa, kí ó tó lọ kú sí ọwọ́ George.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí yìí kì í ṣe eré lásán fún àwọn tó ṣe fíìmù náà. Dalton Trumbo ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n orúkọ Ben Perry ni wọ́n fi síta. Ní 1947, Trumbo kọ̀ láti dáhùn ìbéèrè ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà tó ń wá àwọn kọ́múníìsì, ó ṣẹ̀wọ̀n, Hollywood sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Nedrick Young tó ṣe Crale náà wà lára àwọn tí Hollywood ti ilẹ̀kùn mọ́. Sterling Hayden tó ṣe George ní tirẹ̀ ti dárúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ náà ní 1951, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ ní 1963 pé òun kábàámọ̀. A lè rò pé fíìmù tó yin ẹni tó la ẹnu tako Trumbo tó dákẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi ẹnu rẹ̀ fa ẹlẹgbẹ́ lé alágbára lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó sọ òtítọ́ ní ojú alágbára nítorí ẹlẹgbẹ́. Èyí kejì ni Mirada ṣe.

Àìlówó kò pa iṣẹ́ náà lára. Lewis, tí wọ́n sọ ní ‘Wagon Wheel Joe’ nítorí bó ṣe máa ń ya àwòrán láti àárín àgbá kẹ̀kẹ́ ẹrù, mọ bí a ti í fi ohun kékeré ṣe púpọ̀. Ìjà ìparí ló fi bẹ̀rẹ̀ fíìmù, lẹ́yìn náà ló padà sí ìpìlẹ̀ ọ̀ràn. Ẹni tó ń wò ti rí ọ̀kọ̀ àti ìbọn; ohun tó kù fún un ni láti mọ ìdí tí àwọn ará ìlú fi tò sẹ́yìn George.

Àléébù kan wà: Mirada kú kí àbájáde ẹ̀rí rẹ̀ tó hàn, ọ̀kọ̀ ló sì ṣe ìdájọ́ dípò ilé ẹjọ́. Síbẹ̀, ọ̀kọ̀ náà ì bá má rí ẹni tẹ̀ lé e bí kò bá sí ẹlẹ́rìí tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.